Ẹ Kíra Yín Kí Ẹ Tó Bú Ara Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, àti ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ kò ṣe bí àgbà mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti ra fóònù, ẹ jókòó. Ẹ pa dátà fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá wúwo. Ó kan gbogbo ẹni tó fẹ́ràn orin fújì débi pé ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, tí kò wá lè sùn mọ́, nítorí ẹnì kan tí kò fojú kàn rí sọ pé Kollington ju Barrister lọ.

(Nídìí bàtá, ó jù ú lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ. Adájọ́ ni mí lónìí, n kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.)

Ẹgbẹ́ orí WhatsApp kan lè gba ènìyàn 1,024. Abúlé mìíràn wà tí kò tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ní baálẹ̀, ó ní ọ̀tún, ó ní òsì, ó sì ní ìyá àgbà kan tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ẹgbẹ́ tiyín ní ádímíìnì mẹ́ta: ọ̀kan ń sùn, èkejì ń wa tákísí, ẹ̀kẹta gan-an ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, báwo ni ìlú ṣe fẹ́ tòrò?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìjà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lówùúrọ̀, lẹ́yìn "ẹ kú ojúmọ́" àti àwòrán òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá, ẹnì kan gbé àwòrán àwo Kollington àtijọ́ kan síta. Páálí rẹ̀ ti gbó létí, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ọdún wo ni àwo yìí jáde?" Ìbéèrè gidi ni, torí ọ̀pọ̀ páálí àwo ayé ìgbà yẹn kì í kọ ọdún. Ẹni tó mọ̀dí àwo á ní kó ka nọ́ńbà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì: bó bá fi NEMI bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ EMI ló ti wá, bó bá jẹ́ DWAPS, ti Afrodisia ni. Á tún ní kó gbé àwo náà dání lábẹ́ iná, kó dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó wo ibi tí orin ti tán nítòsí lébẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ha nọ́ńbà wínníwínní sára àwo. Láti ibẹ̀ la ó ti wá àwo mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ ọn, tí a sì mọ ọdún rẹ̀. Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ó sì dùn ún ṣe.

Kò sí ẹni tó ṣe é. Ní aago mẹ́jọ, ọ̀gbẹ́ni kan ní 1978. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, òmíràn ní 1980 ni, pé ẹni tó bá ní 1978, kó lọ fọ etí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àwo mọ́; ọ̀rọ̀ ti di Ìbàdàn àti Ìlọrin, ta ló ni ọ̀làjú, ta ló kọ́ ta lórin. Nírọ̀lẹ́, sítíkà ewúrẹ́ tó wọ agbádá wọlé. Ilẹ̀ ṣú ní Mushin, àwọn onílàjà ní ọpẹ́lọpẹ́ òru. Ọpẹ́lọpẹ́ kí ni? Bó bá jẹ́ oṣù Keje, aago mẹ́wàá alẹ́ Mushin, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ara wọn yá gágá. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ láti òwúrọ̀, wọ́n sì tún un jà láti orí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti bú ìyá ẹnì kan.

Ìyá yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí. Obìnrin náà ń se ẹ̀wà àgánnyìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ìdájí. Kò mọ ohùn Barrister yàtọ̀ sí ti Kollington. Orin Tope Alabi ló ń gbọ́. Kò sọ pé 1978, kò sọ pé 1980. Kí ló wá gbé e dé àárín yín?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ jà. Inú wéré ni fújì ti jáde, orin àwọn ajísààrì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lùlù kiri àdúgbò lóru Ramadan kí àwọn Mùsùlùmí lè jí dáná sààrì. Láti jí ènìyàn sí iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ń jí ènìyàn lóru, n kò sẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kì í bá wa gbé oúnjẹ wá. Barrister fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé ara àwòrán Òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú lòun ti mú orúkọ orin náà. Òkè ọ̀hún ga ní mítà 3,776, yìnyín ló máa ń bo orí rẹ̀. Nǹkan tó tutù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sọ orin yín lórúkọ. Ta ló wá bá yín tanná sí i?

Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn méjèèjì tí ẹ ń torí wọn bú ìyá oníyàá, sójà ni wọ́n ti jẹ́ rí. Barrister jagun abẹ́lé. Wọ́n mọ ìbọn dì, wọ́n mọ̀ ọ́n yìn. Nígbà tí ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, tó sì gbóná janjan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, orin ni wọ́n yìn síra wọn. Ẹ ro ohun tó wà nínú èsì kan ṣoṣo láyé ìgbà náà. Kí ọ̀kan nínú wọn tó lè bú ẹnì kejì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kó àwọn onílù jọ. Ó gbọ́dọ̀ wá òwe tí ọ̀rọ̀ náà máa wọ̀ bí ẹ̀wù, kí ẹni tó ń bá wí mọ̀ pé òun ni, kí ilé ẹjọ́ má sì mọ̀. Gángan gbọ́dọ̀ lè wí i láìla ẹnu. Wọ́n á wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n á tẹ àwo, àwo á dé ọjà, ẹ̀yin náà á tó gbọ́. Ìbínú tí gbogbo wàhálà yìí kò bá pa, ìbínú gidi nìyẹn, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Tiyín ńkọ́? Àtàǹpàkò méjì, ó parí.

Èébú tí wọ́n bú ara wọn nígbà náà la ṣì fi ń jó níbi ìgbéyàwó lónìí, tí a ń náwó lé onílù lórí. Ta ni yóò jó sí tiyín?

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ má bú ara yín. Àgbà tó bá ní kí Yorùbá má bú ara wọn mọ́ fẹ́ pa àṣà run ni. Ohun tí mo ń wí ni pé èébú níṣẹ́, ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọ kó jókòó ti ọ̀gá. N kò sì ní kí ẹ má jiyàn. Ẹgbẹ́ tí kò sí iyàn níbẹ̀, òdòdó "ẹ kú ojúmọ́" nìkan ló ń kù síbẹ̀. Iyàn ló ń mú ènìyàn gun àjà ilé bàbá rẹ̀ lọ, tó fi ń tú àpótí tí ikán ti ń jẹ, tó fi ń fi òwú tútù nu àwo tí kò sẹ́ni tó gbọ́ láti ogún ọdún. Bí kò bá sí alágídí kan tó takú pé irọ́ ni, ọ̀pọ̀ àwo tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yín báyìí ì bá ṣì wà lábẹ́ àpò ìrẹsì. Alágídí wúlò. Ẹ má lé e jáde. Ẹ kàn fún un níṣẹ́ ṣe.

Òfin tí mo wá ṣe kò pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ ta ko ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ kí i. Kó kí i bó ṣe yẹ: bó bá wà lọ́jà, ẹ kú ọjà, bó bá wà ní Peckham lóṣù Kìíní, ẹ kú òtútù. Kó béèrè àwọn ọmọ. Kó dúró gba èsì. Lẹ́yìn náà kó wá sọ ọ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń sọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ purọ́ o, sà, ẹni tó sọ ọ́ fún yín ló tàn yín." Ẹ rí i bí ọ̀bẹ yẹn ṣe mú tó, tí kò sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀? Mo fi dá yín lójú pé ẹni tó bá ti dáhùn pé àwọn ọmọ wà dáadáa kì í tún lókun láti fi ewúrẹ́ ránṣẹ́.

Ẹ kò sì mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi àwòrán ọkọ̀ ṣe ojú, ọmọ ogún ọdún ni àbí ẹni àádọ́rin? Ẹ fojú inú wò ó: ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ọmọ tí ẹ fẹ́ fẹ́, bàbá ń wo ojú yín, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ ni Ọmọ Barrister Tòótọ́, tó ní orí mi kò pé?"

Òfin kẹta (èkejì ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ má bínú): ẹ jáwọ́ nínú fífi ohùn oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án ránṣẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́yìn, tí ọmọ ń ké, tí ẹ wá ń bi wá pé "ṣé ẹ gbọ́ mi yé?" A ò gbọ́ yín yé. Jẹnẹrétọ̀ la gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi, ẹ súnmọ́ mi. Àwọn bàbá wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò mọ̀ pé WhatsApp ń bọ̀. Ní báyìí, ẹ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún ẹyin náà lẹ̀, ẹ sì ní ọjọ́ méjì àti wákàtí díẹ̀ lé e láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátápátá. Irú àánú báyìí, wọn kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Kí lẹ fi ń ṣe? Àmì ọ̀rọ̀ lẹ fi ń tún ṣe: ẹ ti pe ọkùnrin ní dìndìnrìn, ẹ wá ṣàkíyèsí pé ẹ ṣi kọ, ẹ sáré padà lọ fi àmì sórí dìndìnrìn kó lè dún dáadáa. Àwọn tó bá sì palẹ̀ tiwọn mọ́, àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀ pé ẹnì kan pa nǹkan rẹ́, ẹgbẹ́ á máa béèrè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé kí ló kọ. Onísùúrù kan á sì dìde, á ní òun ti ya ojú fóònù òun.

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ kan wọlé tí kì í ṣe àwàdà. Ẹ ń jà lórí Ayinla Omowura náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpàlà ló kọ. Láti ìgbà tí Tunde Kelani ti gbé fíìmù Ayinla jáde ní 2021, àwọn tí a kò tíì bí lọ́jọ́ tó kú ti ń kọ́ wa bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, 1980, nílé ọtí kan ní Abẹ́òkúta: ọ̀rọ̀ alùpùpù di asọ̀, asọ̀ di ìjà, ife ọtí tí wọ́n là mọ́ ọn lórí ló sì pa ọkùnrin tó fi ẹnu bú gbogbo àwọn abánidíje rẹ̀ tí kò sí ohun tó ṣe é. Nínú orin, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ibi tí kò ti sí ìlù ni wọ́n ti rí i mú. Ẹni tó bá tún ní òun máa wá ẹlòmíràn wá sí ilé rẹ̀ torí àwo, kí ádímíìnì tó jí nínú mẹ́ta yẹn yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìkíni nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ jùjú kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Obey àti Sunny Ade fúnra wọn ti jọ wà lórí ìtàgé kan náà, wọ́n ti dì mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbé ìjà àtijọ́ kiri, ta ló rán yín níṣẹ́?

Ó ku àwọn tó ń bínú jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwé ìdágbére gígùn, tó ní òun dárí ji gbogbo wa, tó tún ka orúkọ àwọn tí òun kò dárí jì, kò pọn dandan. Bó bá sì kọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, tó fi nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ wọlé padà ní Ọjọ́bọ̀, ẹ kí i káàbọ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ ìkọ̀wé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń bi í láti ọjọ́ náà pé kí ni Pasuma onífújì fi ṣe é.