Ẹ̀ka Mẹ́ta, Oníbàárà Kan, Gbèsè Kan

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ fún wa l'Ókè-Àró, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ẹ kú ìdàrúdàpọ̀.

A mọ ohun tó lé yín dé ibi tẹ́ ẹ wà. Nígbà tó jẹ́ pé olú ilé-iṣẹ́ l'Ékòó ni gbogbo kọ̀ǹpútà yín ti ń gbàṣẹ, bíná bá lọ l'Ékòó, Ìfọ̀ náà á ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, àwọn báńkì ńlá pàápàá ń wò wá, àwa náà ń wò wọ́n. Lẹ bá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ bùkátà kọ̀ǹpútà tirẹ̀. A pàtẹ́wọ́. A ò mọ̀ pé orí tó ń fọ́ yín lẹ fẹ́ bẹ́.

Ẹ̀ka Ìfọ̀ ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àna ọ̀gá ẹ̀ka. Mowé ní Excel ti tó àwọn. Ìbafo kó gbogbo ìwé ọjà sínú fóònù akọ̀wé; bí akọ̀wé bá lọ ìgbéyàwó ní Ṣàgámù, ọjà náà ti lọ jẹ ìrẹsì nìyẹn.

Èmi ńkọ́? "Bàbá Táyọ̀" ni mí n'Ífọ̀, "Adétáyọ̀ Pápá" ni Mowé, "Oníbàárà Ẹlẹ́dẹ̀" n'Íbafo. Èèyàn mẹ́ta ni mí tí mo bá fẹ́ gba ẹ̀dínwó. Àmọ́ tí gbèsè bá délẹ̀, gbogbo wọn á mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ka Ìfọ̀ ní oúnjẹ ti tán, ó wà n'Íbafo. Mo gba Ojodu já sí Berger, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Kara fojú mi rí màbo. Mo débẹ̀, akọ̀wé wo fóònù: "Bàbá, Ìfọ̀ la kó o lọ lánàá."

Ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀ka Ìbafo, 123456, lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà sọ nù. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 ní kí ẹni tó bá gba ìsọfúnni ẹlòmíì dáàbò bò ó. Ó jọ pé kàlẹ́ńdà lẹ ní kó máa ṣọ́ tèmi.

Ẹ bá bi àwa olóko léèrè. L'óko ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró, kóówá ló ni ilé ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ tí kò gbóògùn jà ní 2020, kò béèrè ẹni tó nilé kó tó wọlé. Bí aládùúgbò rẹ ò bá ti ẹsẹ̀ bọ omi oògùn lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ lo máa gbẹ́ kòtò. Ilé lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún, òfin ẹnu ọ̀nà kì í ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pín ẹ̀rọ bó ṣe wù yín, ìwé orúkọ àti ìwé ọjà ni kẹ́ ẹ má pín.

Kó tó dìgbà yẹn, owó yín ń bẹ lọ́wọ́ Adétáyọ̀ Pápá. Ẹ lọ wá a ní Mowé.