Ènì Tí Ìjọba Bù

Lọ́jà tiwa, ènì kì í ju ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ná ọjà títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní Ítálì, ìjọba gan-an ló bu ènì nígbà kan. Lóṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá tún ilé rẹ̀ ṣe kó má baà máa jẹ iná jù, tó wé nǹkan mọ́ ògiri bí ẹni di mọ́ínmọ́ín, tó pààrọ̀ fèrèsé àti ẹ̀rọ amúlé-gbóná, bó bá ná 100 yúrò, wọn á yọ 110 fún un nínú owó orí. Bí owó orí rẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀, kó ta ẹ̀tọ́ náà fún báńkì. Ta ló wá fẹ́ dúró ná ọjà? Bí kọ́lékọ́lé bá dá iye, onílé á ní, “Ọ̀gá, ó mà kéré o, ẹ fi díẹ̀ lé e.” Gbèsè tí ènì yìí kó bá ìjọba kọjá 100 bílíọ̀nù yúrò. Iná dínkù díẹ̀ lóòótọ́, ìnáwó ni ò gbọ́. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, ìjọba Giorgia Meloni ní títa ẹ̀tọ́ fún báńkì ti parí. Lákòókò náà, ọ̀pọ̀ onílé tí báńkì ti sá fún wà láàárín irin tí bíríkìlà fi sílẹ̀, ògiri wọn ò tíì wé tán, wọ́n ń retí ènì nínú òtútù.