Èmi Tí Mo Ní Kí Ètò Fáìlì Lọ Fẹ̀yìn Tì

Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ṣe mí. Nígbà tí Intel gbé ìrántí Optane sọ́jà ní 2019, irú ìrántí kọ̀ǹpútà tí kì í gbàgbé nǹkan bí iná bá tilẹ̀ lọ, mo fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ètò fáìlì. Àlàyé mi mọ́gbọ́n dání, lójú ara mi. Bí áàpù bá fẹ́ ka fáìlì lórí dísìkì, Linux sábà máa ń kọ́kọ́ kó ẹ̀dà rẹ̀ wá sínú ìrántí. Ṣùgbọ́n láti 2015 ni Linux 4.0 ti gbé ohun tí wọ́n ń pè ní DAX wọ inú ext4, ọ̀kan lára àwọn ètò fáìlì Linux: áàpù á fi àṣẹ mmap di fáìlì mú, á máa kà á, á máa kọ sí i níbi tó wà gan-an, láìsí ẹ̀dà kankan láàárín. Mo bá ní, bí áàpù àti ìrántí bá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, owó iṣẹ́ kí ni alárinà ṣì ń gbà?

Mo ti gbàgbé pé kíkọ yàtọ̀ sí dídé. Ohun tí áàpù bá kọ, inú cache CPU ló kọ́kọ́ ń bà sí. Bí iná bá lọ kó tó kúrò níbẹ̀, ó bá iná lọ nìyẹn. Àfi kí áàpù fi àṣẹ bíi CLWB tì í jáde, kó sì fi SFENCE dúró kó tó tẹ̀ síwájú. Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó dójú tì mí ni ti àkọsílẹ̀ ètò fáìlì fúnra rẹ̀. Bí áàpù bá kọ nǹkan sí apá tuntun nínú fáìlì, ètò fáìlì ní láti wá àyè fún un, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì báyìí ló ni àyè yẹn. Ká ní áàpù ti ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde tán, tí iná wá lọ kí àkọsílẹ̀ yẹn tó wọlé: ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pérépéré, kò sí fáìlì tó ni ín. Bí ẹni kọ́lé parí sórí ilẹ̀ tí kò sórúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí MAP_SYNC, àmì kan tí áàpù ń fún mmap, fi wọ Linux 4.15 ní 2018: kò ní jẹ́ kí áàpù kọ nǹkan sí àyè tuntun àfi bí àkọsílẹ̀ bá ti wọlé. Ta ló sì ń ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀hún? Ètò fáìlì tí mo ti ń ṣayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún.

Ẹnìkan lè gbèjà mi pé àwọn ẹ̀rọ kan ti ní eADR, tí ń kó gbogbo ohun tó wà nínú cache pamọ́ bí iná bá lọ. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n báìtì 8 péré ṣì ni Intel ṣèlérí pé iná kò ní gé sí méjì, eADR kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àkọsílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní Intel ti pa Optane tì ní 2022, kí la tún ń rojọ́ lé lórí? Ọjà náà ló kú. DAX ò kú. Láti Linux 5.10 ni virtiofs ti ń lò ó kí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà lè ka fáìlì ẹni tó gbà á lálejò láìṣe ẹ̀dà kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, bí ẹ bá ń pe mmap, ẹ má fi àmì MAP_SHARED lásán gbé MAP_SYNC: Linux á kàn fojú fò ó, kò sì ní sọ fún yín. MAP_SHARED_VALIDATE ni kẹ́ ẹ lò. Bí ètò fáìlì yín kò bá lè ṣe é, á kọ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀.