Wọn Ò Fẹ́ Jí Sádì

Sádì, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, jẹ́ ìlú olówó láyé àtijọ́. Odò Páktólù ń gbé ẹ̀tù wúrà kọjá láàárín ọjà wọn. Orí òkè gàgàrà ni odi wọn wà: ta ni yóò gun ibẹ̀? Ni wọ́n bá fọkàn balẹ̀.

Òpìtàn Hẹrodótù ròyìn pé ní nǹkan bí 546 ṣáájú Kristi, akoto ẹ̀ṣọ́ kan já bọ́ láti orí odi. Ẹ̀ṣọ́ náà rọra sọ̀kalẹ̀, ó mú un, ó padà sókè. Ọmọ ogun Kírúsì, ọba Páṣíà tó ń gbógun tì wọ́n, kan ń wò ó. Ọ̀nà yẹn náà lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà wọlé.

Ṣé wọ́n wá kọ́gbọ́n? Rárá o! Ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn náà, igún ń bà sórí odi, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Àwọn ọmọ ogun Ọba Antiochus Kẹta bá gbé àkàbà wá.

Abájọ tí ìwé Ìfihàn fi ní kí ìjọ Sádì jí.

Nínú Ìfihàn kan náà, lẹ́tà tó lọ sí ìjọ Símínà sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ìpọ́njú. Ti Sádì kò mẹ́nu ba ọ̀tá kankan. Bóyá ńṣe làwọn ọ̀tá ń yọ́ rìn, kí wọ́n má baà jí ìjọ náà lójú oorun.