Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Iye tí wọ́n pe okùn sẹ̀gi kan fún mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó ilé ọdún kan ni. Ojúde Ọba ti ń bọ̀, regbẹ́regbẹ́ wa sì ti fẹnu kò pé dandan ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo mọ owó ná, mo sì tún mọ̀ ọ́n kà. Mo bá dìde nípàdé, mo ní èmi yóò ṣe tèmi fúnra mi.

Ìwé kíkà ló kó bá mi. Mo ti kà nípa Igbó Olókun n'Ílé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ohun ilẹ̀ wa yọ́ gíláàsì ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí wọ́n jọ walẹ̀ níbẹ̀ rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000. Mo ní bí àwọn wọ̀nyẹn bá rí i ṣe láìsí iná mànàmáná, kí ló máa ṣe èmi tí mo ní jẹnẹrétọ̀? (Kí ni jẹnẹrétọ̀ fẹ́ bá ìlẹ̀kẹ̀ ṣe? Mo kàn ń fọ́nnu ni.)

Ọ̀nà àwọn Krobo ilẹ̀ Gánà ni mo yàn. Wọ́n á gún ìgò kúnná, wọ́n á dà á sínú ihò ara àwo amọ̀, wọ́n á ki ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀. Nínú iná, ọ̀pá náà á jóná, ojú òwú á ṣẹ́ kù.

Orí ọlọ ìyàwó mi ni mo ti lọ ìgò ọtí. Nígbà tó ká mi mọ́bẹ̀, kò pariwo. Ó wo ọlọ, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Kẹ́hìndé, ata òní ńkọ́?” Búkà la ti ń jẹun títí mo fi ra ọlọ mìíràn.

Ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìnkùlé wa o, àmọ́ mo gbà pé ìṣó ló lágbára jù. Ìṣó kì í jóná. N kò sì fi ẹfun pa inú àwo bí àwọn Krobo ti ń ṣe, kí gíláàsì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Gíláàsì ìgò kì í rọ̀ dáadáa bí ooru iná ò bá ju 700 Celsius lọ, èédú inú àdògán mi kò sì fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo háyà ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo fẹ́ná títí irun ìpéǹpéjú mi fi rùn. Bó ṣe pọ́n wẹ̀ẹ̀, mo sáré da omi tútù lé e lórí, nígbà tó yẹ kí n jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bú gbàmù! Aládùúgbò wa wọ abẹ́ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ẹyọ kan ni kò fọ́. Kì í ṣe búlúù, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí itọ́ olóbì, ìṣó sì há sí i nínú. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìlà.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá, bí a ṣe dọ̀bálẹ̀ kí ọba, ó já bọ́, ó yí lọ síbi tí ẹṣin ìdílé Balógun kan dúró sí. Ẹṣin náà fọn imú, ó fà sẹ́yìn, ó lóun ò lọ mọ́. Ẹnì kan ṣa nǹkan ọ̀hún nílẹ̀, ó gbé e sókè: “Ta ló ni ìṣó yìí?”

Èmi ni mo pariwo jù níbẹ̀. Mo ní, “Ẹ ò rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń dalẹ̀ síta! Ìwà ọ̀bùn!”