Ìjàpá Lé Àlejò ní Tamale

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ìjàpá ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ṣòwò ní Tamale, lápá àríwá Ghana, bí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ṣe láyé ọjọ́un. Gbèsè nìkan ló rí kó jọ. Ó jẹ Oyin lówó afárá. Ó jẹ Ikán lówó olú (ẹ má rẹ́rìn-ín, àgbẹ̀ ni Ikán: koríko gbígbẹ ló ń já wọ inú ògán, òun ló fi ń gbin olú). Ó jẹ Yímíyímí lówó ilẹ̀ gbígbá, nítorí màlúù ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó sú u, ó tọ Erin lọ ní igbó Mole. "Kábíyèsí, àlejò pọ̀ jù. Ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Busia, olórí ìjọba Ghana, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú. Àwọn ará ilé mi di ẹrù, wọ́n lọ. Ẹni tó jẹ wọ́n lówó sì sùn dáadáa."

Erin, tí etí rẹ̀ tóbi ju ohun tó ń gbọ́ lọ, ní kó lọ kéde. Ìjàpá gun orí ògán kan, ó dárin:

Lílé: Ikán ò níwèé o
Ègbè: Wọ́n á lọ, wọ́n á lọ!
Lílé: Oyin ò níwèé o
Ègbè: Wọ́n á lọ, wọ́n á lọ!
Lílé: Ọ̀sẹ̀ méjì péré
Ègbè: Wọ́n á lọ, wọ́n á lọ!

Oyin fò lọ. Ìyá Ikán, tó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́, gbọ́ gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìjàpá. Ó ní káwọn ọmọ òun dílẹ̀kùn. Yímíyímí dúró di òru. Ó gun orí ìgbẹ́ rẹ̀, ó yípo, ó wo ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó la ojú ọ̀run já, ó yí ẹrù rẹ̀ lọ gbọọrọ. Òótọ́ ni o: ní 2013, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn dé e ní fìlà tí kò jẹ́ kó rí òkè, ó sì ṣìnà.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Igi òrí tanná, kò so, kò sí oyin tó máa gbé ẹ̀tù òdòdó kiri. Àwọn àgbẹ̀ kó koríko àti ìgbẹ́ màlúù sínú ìkòkò, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lálẹ́ bí ìṣe wọn, kí wọ́n lè rí ikán kó fún ọmọ awó. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣí i, koríko àná ni wọ́n bá. Ìgbẹ́ ga dé fèrèsé Ìjàpá.

Awó sunkún dé Mole. Erin ní kí Ìjàpá máa yí ìgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ń yí i, kò mọ ìràwọ̀ kà, ó ń yí ọjà po. Wọ́n ránṣẹ́ bẹ Ìyá Ikán.

"A gbọ́," ló wí. "Kí ẹni tó dúró lórí ilé wa kọ́kọ́ fi ìwé tirẹ̀ hàn."

Ìjàpá tú àpò. Ìwé gbèsè ló jáde. Gbogbo ọjà bá gbé orin:

Lílé: Ìjàpá ò níwèé o
Ègbè: Yóò lọ, yóò lọ!
Lílé: Á sanwó ká tó sìn ín
Ègbè: Yóò lọ, yóò lọ!
Lílé: Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà o
Ègbè: Yóò lọ, yóò lọ!