Àǹtí Tí Kì Í Jẹ Gluten

Kò sí ìnáwó ńlá kan l'Abẹ́òkúta lóde òní, ì báà jẹ́ n'Íbarà, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngàn àṣà Kútọ̀, tí ẹ kò ní bá Àǹtí níbẹ̀. Gèlè rẹ̀ á ti jókòó dáadáa, bàtà rẹ̀ á bá báàgì mu. Bí ọmọ tó ń pín oúnjẹ bá ti yọ, Àǹtí á na ọwọ́ síwájú bí ọlọ́pàá ojú pópó.

"Dúró ná. Ṣé gluten wà nínú ẹ̀?"

Ọmọ náà á wo ojú alásè, alásè á wo inú ìkòkò.

"Kò sí o, mà. Ògúnfe nìkan la fi sè é."

Ọkàn Àǹtí á balẹ̀, á gba àwo méjì. Bí wọ́n bá gbé pọfù-pọfù kọjá, á mú mẹ́rin, ó ní èyí kéré, kò lè ṣe nǹkan kan. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n po pọfù-pọfù, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún un lójú agbo?

Àǹtí kò ṣàìsàn. Kò sí dókítà tó sọ fún un pé ó ṣàìsàn. Tẹlifíṣàn ló sọ ọ́, kì í sì í ṣe OGTV ojú ọ̀nà Ajébọ̀, torí ìkéde òkú nìkan ni Àǹtí ń wò níbẹ̀. Orí ìkànnì òkèèrè tí à ń sanwó oṣù fún ni àwọn wòlíì rẹ̀ ti ń wàásù.

Elisabeth Hasselbeck wà lára wọn. Ní 2001, àwọn ará Amẹ́ríkà wo obìnrin yìí nínú ìdíje Survivor tí wọ́n ṣe nínú ìgbẹ́ ilẹ̀ Australia. Ìrẹsì díẹ̀ ni wọ́n ń rí jẹ, ebi ń hàn wọ́n léèmọ̀, síbẹ̀ inú tó ti ń da obìnrin náà láàmú tipẹ́ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó délé, ó padà sídìí búrẹ́dì, inú rírun náà padà. Nígbà tó yá, ó hàn pé àìsàn celiac ló ń ṣe é. Ó di ọ̀kan lára àwọn olóòtú ètò tẹlifíṣàn The View, ó ń sọ ọ́ fún aráyé, ó sì gbé ìwé The G-Free Diet jáde ní 2009. Àìsàn wà lára tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àìsàn náà lẹ́nu rẹ̀.

Ti Novak Djokovic, ọ̀gá nínú eré tẹníìsì, ló jọni lójú jù. Ní oṣù kìíní 2010, oníṣègùn ọmọ Serbia kan ń wo tẹlifíṣàn nílé rẹ̀ nígbà tí Djokovic ń mí gúlegúle lórí pápá ní Australian Open. Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n pàdé, ó ní kí eléré náà gbé búrẹ́dì lé ikùn, kí ó na ọwọ́ kejì. Ó tẹ ọwọ́ náà wálẹ̀, ó ní ẹ wò ó, agbára ti dín kù. Djokovic fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Serve to Win ní 2013. (Àwọn òbí rẹ̀ ló sì ta pizza rí o!) Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e, àmọ́ ti búrẹ́dì orí ikùn ni Àǹtí rántí. Bí babaláwo kan ní Aké bá ṣe irú rẹ̀ fún un, á ní ìbọ̀rìṣà ni.

Ní 2014, Jimmy Kimmel, apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, rán àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ìgboro Los Angeles kí wọ́n bi àwọn tó ń sá fún gluten pé kí ni gluten gan-an. Ẹnu wọ́lẹ̀. Ká ní Panṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé kámẹ́rà náà wá, Àǹtí kò ní ta kókó: "Ohun tó ń mú ikùn wú ni." Ó tán.

Èròjà kan nínú àlìkámà, báálì àti ráì ni gluten. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà, kí búrẹ́dì sì wú. Ara ẹni tó bá ní celiac a máa bá ìfun ara rẹ̀ jà nígbàkígbà tó bá jẹ ẹ́. Nígbà ìyàn 1944 sí 1945 ní Netherlands, dókítà Willem Dicke rí i pé ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń le nígbà tí búrẹ́dì wọ́n gógó. Búrẹ́dì dé, àìsàn dé. Bí ẹnì kan nínú 100 ló ní i káàkiri ayé. Láàárín àwọn ọmọ Saharawi ní àríwá Áfíríkà, àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé ó lé ní márùn-ún nínú 100.

Ohun tó wá dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí ni pé ọmọ Ẹ̀gbá ni. Láfún ni wọ́n fi ń mọ ará ibí: ẹ̀gẹ́ tí a bó, tí a rẹ, tí a sá sórí àpáta títí ó fi gbẹ, tí a wá lọ̀. Kò sí gluten níbẹ̀. Kò sí nínú ìrẹsì Ọ̀fadà, tí ìlú tó fún un lórúkọ kò kọjá Ọbáfẹ́mi-Owódé níbí. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, gàrí, kò sí nínú ọ̀kankan. Ìyá tó bí ìyá Àǹtí jẹun títí ó fi darúgbó, kò sì sí alásè tó yọ lẹ́nu.

Àǹtí ti pa láfún tì, ó ní ó wúwo. Sẹmó ló ń jẹ lálẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, wíìtì, torí ṣúgà. Àlìkámà ni méjèèjì.

Búrẹ́dì tí kò ní gluten tó ń jẹ ńkọ́? Èkó ni wọ́n ti ń rà á wá, olówó gọbọi, dídì bíi yìnyín. Ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ wò: ìyẹ̀fun ìrẹsì àti tapioca ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ara ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń rí tapioca, Nàìjíríà ló sì ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, wà nípò Ààrẹ, tí ìjọba rẹ̀ ní kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ 10% sínú ti búrẹ́dì, Àǹtí wà lára àwọn tó yínmú: "Ṣé ẹ̀bà la ó wá máa fi bọ́tà pa ni?" Ó tún yínmú nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà, mínísítà ọ̀gbìn ìgbà Ààrẹ Jonathan, ń polówó búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ kiri. Ní báyìí, ó ń fi owó ńlá ra ẹ̀gẹ́ tó ti wọ bàálù.

Ẹni tí ariwo Àǹtí ń pa lára ni ọmọ tó ní celiac, tí ìgbẹ́ gbuuru kò dá lára rẹ̀, tó ń rù lójoojúmọ́, tí ìyá rẹ̀ sì ní láti bẹ alásè ilé ìwé nítorí rẹ̀. Alásè ti gbọ́ ti Àǹtí títí ó fi sú u. Kò ní gbà pé ẹlòmíràn ń ṣàìsàn lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí inú ń run lẹ́yìn búrẹ́dì, ẹ má tíì jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá celiac kì í hàn dáadáa lára ẹni tó ti pa búrẹ́dì tì.